Glide àti CUDA: Àyẹ̀wò Ìdíje àti Ọgbọ́n Ìṣòwò láàárín Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ṣíìpù Ayàwòrán

1.0 Ìfáàrà

Ní ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ 3dfx ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù mọ̀ sí ọ̀gá nídìí ṣíìpù ayàwòrán. Nígbà tí oṣù Kejìlá ọdún 2000 yóò fi parí, 3dfx ti ṣe àdéhùn láti ta ohun ìní rẹ̀ fún NVIDIA, abánidíje rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá wọlé ní ọdún 1996. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ṣíìpù NVIDIA ni ó yára jù. Àlàyé náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Kò sí ṣíìpù kan tí í pẹ́ nípò aṣáájú nínú eré sísá yìí. Láàárín oṣù díẹ̀ ni òmíràn yóò ti kọjá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìyára nìkan ni ó ń pinnu, ipò ọ̀gá ìbá máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ́dọọdún.

Ohun kan tún wà tí àlàyé yẹn kò lè tú. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì ni ó dá èdè ìpàṣẹ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọn kò ṣe fún ṣíìpù ẹlòmíràn. Glide ni ti 3dfx, CUDA sì ni ti NVIDIA. Glide bá ẹni tí ó ni ín lọ. CUDA gbilẹ̀ títí ó fi di òpómúléró fún NVIDIA. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé nínú òwò yìí, agbára ilé-iṣẹ́ kò sí nínú ṣíìpù rẹ̀ nìkan. Ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n gbé iṣẹ́ tiwọn ka orí ṣíìpù náà, ó sì sinmi lórí ohun tí wọn yóò pàdánù bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀.

2.0 Ohun tí Ṣíìpù Ayàwòrán ń Ṣe

Àwòrán tí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà jẹ́ àkójọ àmì àwọ̀ kéékèèké. Lójú kọ̀ǹpútà tí ó ní àmì 640 ní ìbú àti 480 ní òró, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990, àmì wọ̀nyí jẹ́ 307,200. Bí àwòrán náà yóò bá sì máa rìn bí ohun alààyè, ó yẹ kí a tún un yà ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí túmọ̀ sí pé iye àmì tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ pinnu àwọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lé ní mílíọ̀nù 9.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gbà ń ṣe é ni pé wọ́n gé ohun gbogbo tí ó wà nínú àwòrán, ì báà ṣe ilé, igi tàbí ènìyàn, sí ègé onígun mẹ́ta kéékèèké. Ẹ̀rọ náà yóò kọ́kọ́ ṣírò ibi tí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni yóò kun inú rẹ̀, tàbí kí ó fi àwòrán awọ, òkúta tàbí koríko bò ó bí ẹni fi aṣọ bo tábìlì. Iṣẹ́ yìí kò le, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà dà bí àgbẹ̀ kan tí ó mọ iṣẹ́ gan-an ṣùgbọ́n tí ó ń ro ebè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣíìpù ayàwòrán dà bí ọ̀wẹ̀: ọwọ́ pọ̀ lóko, olúkúlùkù sì dojú kọ ebè tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí òǹkàwé fi àfiwé ọ̀wẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni yóò tú ọ̀rọ̀ CUDA níwájú.

Ọwọ́ márùn-ún ni iṣẹ́ náà ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lò ó. Àkọ́kọ́ ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń pète ṣíìpù, bí 3dfx àti NVIDIA. Èkejì ni èyí tí ó ń rọ ṣíìpù náà, bí TSMC ti ilẹ̀ Taiwan, tí ó dà bí alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ohun tí ẹlòmíràn pète. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ń ra ṣíìpù láti fi ṣe káàdì tí a ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà fún títà. Ẹ̀karùn-ún ni àwọn tí ń kọ eré àti ètò mìíràn tí yóò lo ṣíìpù náà. Èdè ìpàṣẹ ni àkójọ àṣẹ tí ẹni karùn-ún yìí fi ń bá ṣíìpù sọ̀rọ̀. Níbi tí ó bá ti jẹ́ pé èdè kan ni gbogbo ṣíìpù gbọ́, òǹkọ̀wé eré lè kọ eré rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì tà á fún gbogbo ayé. Níbi tí ṣíìpù kọ̀ọ̀kan bá ti ní èdè tirẹ̀, yóò máa kọ ọ́ ní àkọtúnkọ.

3.0 3dfx àti Ìgbà Ọlá Glide

Wọ́n dá 3dfx sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1994. Mẹ́ta nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀, Ross Smith, Gary Tarolli àti Scott Sellers, ti ṣiṣẹ́ rí ní Silicon Graphics, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà olówó ńlá fún àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ àti àwọn tí ń yàwòrán sínú fíìmù. Ohun tí wọ́n ń lépa ni pé kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dé inú ilé ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ọjà bá wọn ṣe é: ní ọdún 1996, owó tí wọ́n ń ta ṣíìpù ìrántí já wálẹ̀ gidigidi, ó sì wá ṣeé ṣe láti ta káàdì Voodoo Graphics fún àwọn ará ilé.

Káàdì yìí kò lè yà ju àwòrán eré lọ. Ẹni tí ó bá rà á gbọ́dọ̀ ní káàdì mìíràn fún ìwé kíkọ àti iṣẹ́ ojoojúmọ́. Síbẹ̀, ohun tí ó ń ṣe náà, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà nígbà náà. 3dfx kì í ṣe káàdì fúnra rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Diamond àti Orchid ni ó ń ra ṣíìpù lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe káàdì, tí wọ́n sì ń polówó rẹ̀ kiri.

Glide wúlò púpọ̀ nígbà tí wọ́n mú un jáde. OpenGL, tí í ṣe èdè àjùmọ̀lò tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, tóbi ju ohun tí káàdì kékeré lè gbé lọ. Direct3D tí Microsoft mú jáde ní ọdún 1996 ṣì ṣòro fún ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé eré láti lò. Glide ní tirẹ̀ kéré, ó bá ìṣe ṣíìpù Voodoo mu, eré tí wọ́n sì fi kọ máa ń sáré dáadáa. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé eré tẹ́wọ́ gbà á. Àkókò kan wà tí ó dà bí ẹni pé 3dfx ti ti ilẹ̀kùn ọjà, tí ó sì ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò.

4.0 NVIDIA: Ìṣubú àti Ìdìde

Jensen Huang, Chris Malachowsky àti Curtis Priem ni ó dá NVIDIA sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ṣíìpù wọn àkọ́kọ́, NV1, jáde ní ọdún 1995. Dípò onígun mẹ́ta, ojú ohun tí ó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ ni NV1 fi ń kọ́ àwòrán. Ọgbọ́n náà dára nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n onígun mẹ́ta ni Microsoft yàn fún Direct3D. Báyìí ni NV1 di ẹni tí ń sọ èdè tí ará ọjà kò gbọ́. Ṣíìpù kejì tí wọ́n ń pète fún ẹ̀rọ eré Sega gba ojú ọ̀nà kan náà, kò sì jáde. Ní ọdún 1996, NVIDIA dá èyí tí ó ju ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Huang ti sọ ní gbangba pé mílíọ̀nù 5 dọ́là tí Sega gbà láti fún wọn, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ forí ṣánpọ́n, ni kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà kú.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú ìṣubú yìí hàn nínú RIVA 128, tí ó jáde ní ọdún 1997. Wọ́n pa èdè àdáni tì, wọ́n sì pète ṣíìpù tí yóò gbọ́ Direct3D yékéyéké. Nítorí pé owó ọwọ́ wọn kò tó láti máa rọ ṣíìpù ní ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, orí ẹ̀rọ tí ń sín ìṣe ṣíìpù jẹ ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e fún alágbẹ̀dẹ. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́rin, wọ́n ti ta mílíọ̀nù kan.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n sọ ìyára ìpète di ohun ìjà. Wọ́n pín àwọn apète sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kí iṣẹ́ ọ̀wọ́ kan lè máa parí bí ti òmíràn ṣe ń dé ìdajì. Àbájáde rẹ̀ ni pé ṣíìpù tuntun tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe ń jáde ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà: TNT ní 1998, TNT2 ní 1999, GeForce 256 ní ọdún kan náà, GeForce 2 ní 2000. GeForce 256, tí ó ní tiransítọ̀ mílíọ̀nù 23, gba ìṣirò igun àti ìmọ́lẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, NVIDIA fi rírọ ṣíìpù sílẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ, ó sì fi káàdì sílẹ̀ fún àwọn oníkáàdì.

5.0 Ìgbésẹ̀ tí ó Ba 3dfx Jẹ́

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, 3dfx kéde pé òun yóò ra STB Systems, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe káàdì, tí ó sì ní ilé ìtòkáàdì ní Ciudad Juárez ní orílẹ̀-èdè Mexico. Èrò tí ó wà lẹ́yìn ìgbésẹ̀ náà kò ṣòro láti lóye. Oníkáàdì ń jẹ nínú èrè. Bí 3dfx bá ń ṣe káàdì fúnra rẹ̀, gbogbo èrè náà yóò di tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni oníbàárà yóò sì máa rí.

Ṣùgbọ́n àwọn oníkáàdì tí wọ́n ti ń bá a polówó láti ọdún 1996 di abánidíje rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojú ọ̀nà tí wọ́n rí ni láti yíjú sí NVIDIA àti àwọn mìíràn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ogun tí ó ń ta Voodoo bẹ̀rẹ̀ sí í ta TNT2 àti GeForce. Ẹrù tuntun sì tún bọ́ sí èjìká 3dfx: ilé ìtòkáàdì, ẹrù tí ó wà nílẹ̀ tí kò tíì tà, àti iṣẹ́ àwọn alátùntà, gbogbo èyí tí kò ṣe rí.

Iṣẹ́ ìpète náà falẹ̀. Voodoo3 tí ó jáde ní ọdún 1999 yára, ṣùgbọ́n 65,536 ni iye àwọ̀ tí ó lè lò nínú eré, nígbà tí TNT2 lè lo èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 16. Voodoo5, tí ó fi ṣíìpù méjì sórí káàdì kan, kò jáde títí di ọdún 2000. Nígbà náà, GeForce 2 ti wà lórí àtẹ. Àdéhùn oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni pé NVIDIA yóò fi mílíọ̀nù 70 dọ́là àti mílíọ̀nù kan ìpín-ìdókòwò rẹ̀ gba ohun ìní 3dfx. Ní ọdún 2002, 3dfx lọ sí ilé-ẹjọ́ láti kéde pé òun ti wọ gbèsè.

6.0 ATI: Ẹ̀rí tí ó Dà bí Ẹni pé ó Tako Èrò Yìí

Ẹnìkan lè jiyàn pé ṣíṣe káàdì fúnra ẹni kọ́ ni ó pa 3dfx, nítorí pé ATI ń ṣe káàdì tirẹ̀, kò sì kú. Àríyànjiyàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n ti dá ATI sílẹ̀ ní ọdún 1985, ó sì ti ń fi káàdì ọwọ́ ara rẹ̀ tajà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ni ìyàtọ̀. ATI kò tíì kó àwọn oníkáàdì jọ kí ó tó kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà ni alájọṣe rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì dà wọ́n. Ẹ̀bi 3dfx kò sí nínú irú iṣẹ́ tí ó gbà ṣe. Ó wà nínú pé ó fa okùn tí òun fúnra rẹ̀ so mọ́ra já, nígbà tí ẹlòmíràn dúró nítòsí tí ó fẹ́ gbá orí okùn náà mú.

ATI tún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọdún 2000, ó ra ArtX, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó kún fún àwọn apète tí ó mọṣẹ́. Ní ọdún 2002, ó mú Radeon 9700 jáde, tí ó bá Direct3D tuntun ìgbà náà mu rẹ́gí. GeForce FX tí NVIDIA fi dá a lóhùn pẹ́ kí ó tó jáde ní ọdún 2003, ariwo fáànù rẹ̀ sì di ohun àwàdà láàárín àwọn tí ó rà á. Bí ìyára bá tó láti pa abánidíje, ó yẹ kí NVIDIA ti kú ní ọdún náà. Kò kú, nítorí pé àwọn oníkáàdì kò fi í sílẹ̀, ó sì ní owó lọ́wọ́ láti tún ṣíìpù ṣe. Ní ọdún 2006, AMD ra ATI ní bílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Ọjà kan tí AMD wá gbà lẹ́yìn náà ni ti ẹ̀rọ eré: ní ọdún 2013, ṣíìpù rẹ̀ ni ó wà nínú PlayStation 4 àti Xbox One, méjèèjì tí wọ́n jẹ́ abánidíje ara wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

7.0 CUDA

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ti rí i pé ọ̀wẹ̀ tí ń yàwòrán lè ro oko mìíràn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìṣirò pamọ́ sínú aṣọ àwòrán kí ṣíìpù tó gbà láti ṣe é. Ian Buck, tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Yunifásítì Stanford, wọ NVIDIA ní ọdún 2004. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, NVIDIA kéde CUDA pẹ̀lú GeForce 8800, wọ́n sì mú un jáde fún ìlò ní ọdún 2007. Ẹni tí ó bá ti mọ èdè C lè wá bá ṣíìpù sọ̀rọ̀ ní tààrà láìdọ́gbọ́n àwòrán.

Ohun tí ó ṣe kókó jù ni pé NVIDIA fi CUDA sínú àwọn ṣíìpù GeForce tí ó ń jáde láti ìgbà náà, àti olówó gọbọi àti olówó pọ́ọ́kú. Èyí ń náni lówó, àwọn tí ó sì ra káàdì nítorí eré kò béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ra káàdì láti fi ṣeré ti ní irinṣẹ́ ìwádìí nílé láìmọ̀. Èso rẹ̀ hàn ní ọdún 2012, nígbà tí Alex Krizhevsky, Ilya Sutskever àti Geoffrey Hinton ti Yunifásítì Toronto wọ ìdíje ImageNet, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń dá ohun tí ó wà nínú àwòrán mọ̀. Káàdì GeForce GTX 580 méjì ni wọ́n fi kọ́ ètò wọn fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Àṣìṣe tiwọn jẹ́ 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ẹni tí ó ṣe ipò kejì jẹ́ 26.2. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n ti yíjú sí káàdì NVIDIA àti sí CUDA.

8.0 Ìfiwéra Èdè Méjèèjì

Ohun mẹ́ta ni ó ya Glide àti CUDA sọ́tọ̀.

(a) Àkókò. Nígbà tí Glide jáde, èdè àjùmọ̀lò ti wà nílẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì gún régé. Bí Direct3D ṣe ń dára sí i ni ìdí láti lo Glide ń dínkù. CUDA ní tirẹ̀ kó wọ oko tí kò lólówó. OpenCL, tí ó jẹ́ èdè àjùmọ̀lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò fara hàn títí di òpin ọdún 2008.

(b) Ìtànkálẹ̀. Orí ṣíìpù Voodoo nìkan ni wọ́n ṣe Glide fún, 3dfx sì ṣọ́ ọ lójú méjèèjì títí di oṣù Kejìlá ọdún 1999 tí ó tó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀pa kò bóró mọ́ nígbà náà. CUDA náà jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, inú káàdì tí ó wà nílé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni ó sì wà.

(d) Irú ẹni tí ń lò ó. Èyí ni ó jinlẹ̀ jù, òun ni wọ́n sì sábà máa ń gbójú fò. Òǹkọ̀wé eré ń kọ ètò fún ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Bí eré rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ lórí káàdì oníbàárà, òun ni ó pàdánù. Nítorí náà, èdè àdáni jẹ́ ewu fún un. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń kọ ètò fún ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ yàn, tí ó sì rà. Kò sí ohun tí ó kàn án bí ètò náà kò bá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ aládùúgbò. Ìgbà tí ó bá ti kọ ètò fún ọdún mẹ́wàá, tí ó sì ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kíkúrò níbẹ̀ ti le ju dídúró lọ.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba láti inú àyẹ̀wò yìí pé ìyára ń fún ilé-iṣẹ́ ní àyè láti wọ ọjà ni. Àjọṣe ni ó ń mú un dúró. 3dfx ní ìyára, ó sì da àjọṣe rú. NVIDIA pàdánù ìyára ní ọdún 2003, kò sì da àjọṣe rú. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ṣíìpù kan kì í dá ọjà ṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lójú méjì. Àjọṣe tí ó gbé NVIDIA ró ni ìdè tí ó mú àwọn tí wọ́n gbé e ró. Ní ọdún 2016, AMD mú ROCm jáde láti fún wọn ní ọ̀nà àbáyọ, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ láti ọdún 2007 kì í ṣe ẹrù tí a ń gbé kúrò ní ọjọ́ kan. Pẹ̀lúpẹ̀lù, TSMC ni alágbẹ̀dẹ pàtàkì fún àwọn abánidíje méjèèjì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dín títa irú ṣíìpù wọ̀nyí tí ó lágbára jù fún ilẹ̀ Ṣáínà kù, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìjà àwọn oníṣòwò eré sì di ọ̀rọ̀ àárín ìjọba sí ìjọba. Nítorí náà, yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ béèrè iye owó àti ìyára nìkan. Ó yẹ kí ó béèrè èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò fi kọ iṣẹ́ wọn, àti bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rìn bí ẹni tí ó ni èdè náà bá pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn tí ó kọ eré wọn ní Glide rí ìdáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè rẹ̀ ní àkókò.